Orúkọ Tó Pẹ́ Ju Ilé-Iṣẹ́ Lọ: Ìtàn Ọkọ̀ Àtijọ́ Láti Etí Omi Dé Bassila àti Manigri

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè Yorùbá fi ń pe ohun tí ó bá ń gbé ènìyàn àti ẹrù rìn. Ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti inú ìtì igi, tí a ń fi àjẹ̀ wà lórí ọ̀sà, ni ó kọ́kọ́ ni orúkọ náà. Nígbà tí reluwé dé, a pè é ní ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí bàálù dé, a pè é ní ọkọ̀ òfurufú. Èyí tí ń sáré lórí ilẹ̀ náà kò sì rí orúkọ mìíràn gbà ju ọkọ̀ lọ. Èdè wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ìtàn kan náà ni ìtàn wọn. Nítorí náà, kí ó má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí àwa ará Bassila àti Manigri, tí òkun jìnnà sí wa tó báyìí, bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn Pijó wa láti etí omi.

Ìtàn àwọn orúkọ ńlá tí ó wọlẹ̀ ni a fẹ́ sọ, àti ìtàn àwọn tí iṣẹ́ wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ ti ṣíwọ́. Gbogbo àgbà tí ń ka ìwé yìí ni ó rántí ìgbà tí Pijó 404 àti 504 jọba lójú ọ̀nà Savalou sí Djougou. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ̀ ọ́ rí. Ìbéèrè tí a gbé ka iwájú ni pé: ìgbà wo gan-an ni ọkọ̀ kan kú? Ṣé ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti ilẹ̀kùn ni, àbí ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe fi ayé sílẹ̀? Ní èrò tiwa, ikú kejì yìí ni ikú gidi. Òun náà ni ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí, láìjẹ́ pé a ti kọ ohun kan sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ láti etí omi

Ní ọdún 1909, Ole Evinrude, ẹni tí a bí ní Norway tí ó sì dàgbà ní Amẹ́ríkà, gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan jáde ní ìlú Milwaukee. A lè so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi, kí a sì tú u gbé lọ sílé bí a bá dé èbúté. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Johnson gbé tiwọn jáde. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1930, orúkọ méjèèjì ti bọ́ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan, tí a wá mọ̀ sí Outboard Marine Corporation. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni ó yí iṣẹ́ àwọn apẹja padà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti àwọn ọdún 1950 síwájú. Ọkọ̀ igi kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ń lọ síbi tí àjẹ̀ àti ìgbòkun kì í gbé e dé tẹ́lẹ̀, ó sì ń padà kí ẹja tó bàjẹ́.

Ní 1960, Yamaha ti Japan náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi. Nígbà tó yá, ó ṣe oríṣi kan tí ó pè ní Enduro, fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́, kì í ṣe fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ najú. Ó le, ó rọrùn láti tú, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà káàkiri ọjà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó gba etíkun wa lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, Outboard Marine kógbá sílé nítorí gbèsè. Ilé-iṣẹ́ Bombardier ti Kánádà ra orúkọ náà, ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni àwọn tí ó jogún rẹ̀ kéde pé àwọn kò ní ṣe Evinrude mọ́. Ọdún 111 ni orúkọ náà lò láyé.

Ìtàn Chris-Craft tún fara pẹ́ ẹ. Christopher Columbus Smith ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ ní Algonac, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní 1874. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí ìdílé rẹ̀ ń ṣe dán bíi dígí, igi ni wọ́n sì fi ń kàn án. Ní 1960, ìdílé náà tà á. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, fáíbágíláàsì ti lé igi jáde pátápátá. Outboard Marine kan náà rà á ní 1989. Nígbà tí olówó rẹ̀ ṣubú ní 2000, Chris-Craft tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti lọ́wọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn ìyẹn, kí ilé-iṣẹ́ Winnebago tó rà á ní 2018. Orúkọ náà ṣì wà lára ọkọ̀ tuntun lónìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó kan ti àtijọ́ kọ́ ló ń kàn án mọ́.

Ohun tí ó jẹ wá lógún jù nínú ìtàn yìí ni ohun tí àwọn tí ó ni ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Wọn kò jókòó sunkún. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń kó ẹ̀yà ara jọ, tí wọ́n sì ń kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ti pa tì. Ìwé ilé-iṣẹ́ Chris-Craft náà kò ṣègbé. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn atukọ̀ ní Newport News, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Nínú rẹ̀ ni káàdì wà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí a fi sí i, àti ibi tí a fi í ránṣẹ́ sí. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ ọgọ́ta ọdún tí ó ti jẹrà lè wá nọ́ńbà rẹ̀, kí ó sì mọ bí ó ṣe rí ní ọjọ́ tí ó jáde. Káàdì kékeré yìí ni kí a fi sọ́kàn bí a ti ń padà sílé.

Pijó dé ojú ọ̀nà wa

Ojú irin tí ìjọba amúnisìn Faransé ṣe láti Kútọnu gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, ó sì dé Parakou ní 1936. Kò yà sọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà tiwa ni èyí tí ó yà ní Ìdáàṣà, tí ó gba Savalou àti Bantè wá sí agbègbè wa, kí ó tó forí lé Djougou, Natitingou àti ààlà Burkina Faso. Fún àwọn Anii ti Bassila, fún àwọn Nàgó ti Manigri àti àwọn ìbátan wọn tí ó wà ní Kambolé lápá Tógò, ojú ilẹ̀ pupa ni ohun gbogbo ń gbà: iṣu, kaṣú, ewúrẹ́, aṣọ, lẹ́tà, ìyàwó tuntun, aláìsàn. Ní àkókò òjò, ẹrẹ̀ ni. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, eruku ni. Kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i, ọkọ̀ tí kò bá lágbára kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ìdílé Peugeot, tí ó wá láti agbègbè Montbéliard ní ìlà-oòrùn Faransé, ti ń ṣiṣẹ́ irin láti 1810. Ayùn ni wọ́n ń ṣe, àti ọlọ tí a fi ń lọ kọfí. Kìnnìún tí a ń rí ní iwájú ọkọ̀ wọn jẹ́ àmì ayùn kí ó tó di àmì ọkọ̀, nítorí pé ayùn gbọ́dọ̀ ní eyín tí ó le bíi ti kìnnìún. Ní 1889 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ àkọ́kọ́, èyí tí ooru omi gbígbóná ń tì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, 203 àti 403 jáde, àwọn méjèèjì sì dé Áfíríkà.

404 ni ó wá di tiwa. Oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ni wọ́n fi hàn aráyé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà ni Dàhòmì gba òmìnira. Ẹgbẹ́ kan náà ni òmìnira wa àti ọkọ̀ náà. Kì í ṣe ẹnu lásán ni ó fi lókìkí. Nínú ìdíje Safari tí wọ́n ń sá ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, lójú ọ̀nà tí ó jọ tiwa gan-an, 404 ni ó gbégbá orókè ní 1963, ní 1966, ní 1967 àti ní 1968. Èyí tí ó sún mọ́ mẹ̀kúnnù jù ni bâchée, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí a fi tapólì bò, tí a sì to bẹ́ǹṣì sí inú rẹ̀. Ènìyàn jókòó ní kíkojú ara wọn, orúnkún kan orúnkún, ẹrù wà lórí, adìyẹ wà lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ní 1968, 504 jáde. Ìdásẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Faransé ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ti fà á sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé, àwọn oníròyìn ọkọ̀ ní Yúróòpù yàn án ní Ọkọ̀ Ọdún fún 1969. Ju mílíọ̀nù 3 lọ ni wọ́n ṣe. Fún wa, èyí tí ó ṣe kókó ni familiale, ọlọ́nà ìjókòó mẹ́ta. Ènìyàn méje ni ilé-iṣẹ́ ní lọ́kàn. Gbogbo ẹni tí ó ti wọ takisí láti Kútọnu wá sókè mọ̀ pé iye náà kì í ṣe méje. Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ ìtokò̩ Peugeot ṣí ní Kàdúná ní 1975, 504 sì di ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ìjọba níbẹ̀. Bí ẹ̀yà ara bá wọ́n ní Kútọnu, ó ṣeé ṣe kí a rí i ra láti apá ìlà-oòrùn.

Ìdí tí ó fi jọba

Iṣẹ́ inú rẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dúró ní gígùn ní iwájú, táyà ẹ̀yìn ni ó sì ń ti ọkọ̀ lọ. Àyè wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bẹ́ẹ̀ tí mẹkáníìkì lè ki apá méjèèjì bọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ ga sókè nílẹ̀, nítorí náà kòtò àti òkúta kì í tètè kàn án. Familiale ní sípíríǹgì méjì méjì ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, láti gbé ẹrù tí àwọn tí ó yà á sórí ìwé kò lálàá rẹ̀.

Èyí tí ó wú wa lórí jù ni ohun tí èdè Faransé ń pè ní chemise, èyíinì ni ẹ̀wù. Nínú ẹ́ńjìnnì Pijó wọ̀nyí, ibi tí pístónì ń gbà lọ sókè-sódò jẹ́ ọ̀pá irin oníhò tí a lè yọ jáde, tí omi sì yí ká láti máa tù ú. Bí eruku ọdún pípẹ́ bá jẹ ọ̀pá náà, a kì í ju ẹ́ńjìnnì sí ààtàn. A ó bọ́ ẹ̀wù ògbólógbòó kúrò lọ́rùn rẹ̀, a ó wọ ọ́ ní tuntun pẹ̀lú pístónì tuntun, ọkọ̀ yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò gba ẹ̀rọ ńlá kankan. Ó gba ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́, ojú tí ó mọ ìwọ̀n, àti sùúrù. Lábẹ́ igi ni a lè ti ṣe é.

Báyìí ni ọkọ̀ náà ṣe kọ́ iran kan ní iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá lo ọdún mélòó kan lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ yóò mọ kabúrétọ̀ tú, yóò mọ bí a ti ń fetí sí ẹ́ńjìnnì láti mọ ohun tí ń ṣe é, yóò sì mọ èyí tí a lè gbẹ́ fúnra ẹni àti èyí tí a kò gbọ́dọ̀ fi ayédèrú rọ́pò. Kò kà á nínú ìwé. Kò sì sí ìwé náà ní èdè Nàgó, kò sí i ní Anii.

Bí ó ṣe wọlẹ̀

Kò sí ọ̀tá kan ṣoṣo tí ó pa Pijó. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ilé-iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. 504 onílé kíkún parí ní Faransé ní 1983. Bâchée rẹ̀ dúró di 1993. 505, tí ó rọ́pò rẹ̀ láti 1979, parí níbẹ̀ ní 1992. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn, bíi 405 ti 1987, jẹ́ ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, tí a ṣe fún ojú ọ̀dà Yúróòpù. Ọkọ̀ tó dára ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó jogún iṣẹ́ familiale láàrin wọn. Ilé-iṣẹ́ kò rí èrè púpọ̀ mọ́ nínú ọkọ̀ tí a ń ṣe fún ojú ọ̀nà ilẹ̀ pupa.

Owó ni ó tẹ̀lé e. Ní oṣù Kìíní ọdún 1994, wọ́n dín agbára owó CFA kù sí ìdajì: CFA 50 ni a fi ń gba fránkì Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ó ti Faransé wá tí ó sì ń náni ní CFA 10,000 di 20,000 kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní Lomé, ìyípadà yìí kan náà wà lára ohun tí ó bi àwọn Nana Benz wó, àwọn ìyá olóko-òwò aṣọ tí a fi orúkọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Jámánì pè nítorí ọrọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ tuntun di àlá. Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Kútọnu ni ó gba ipò rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kọjá lọ sí Nàìjíríà. Láàrin wọn ni Toyota àti àwọn ará Japan yòókù ti pọ̀ sí i lọ́dọọdún, pẹ̀lú ẹ̀yà ara tí kò wọ́n. Ohun tí Yamaha ṣe fún Evinrude lórí omi ni Toyota ṣe fún Pijó lórí ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìrìn fúnra rẹ̀ yí padà. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, zémidjan gba ìrìn-àjò kúkúrú lọ́wọ́ bâchée: ẹni tí ó ń lọ láti oko sí ọjà kò ní dúró de ọkọ̀ kí ó kún mọ́. Nígbà tí ọ̀dà sì dé ojú ọ̀nà ńlá, agbára tí a fi ń yin 504 kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Ọkọ̀ tí kò lè la ẹrẹ̀ já tẹ́lẹ̀ ti lè dé Djougou. Kenya dá ìtò 504 dúró ní 2004, Kàdúná sì tẹ̀lé e láìpẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, Peugeot fúnra rẹ̀ di ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ orúkọ tí ó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá Stellantis.

Síbẹ̀ orúkọ kì í tètè kú lẹ́nu wa. Àwọn ará Nàìjíríà ń pe alùpùpù akérò ní ọ̀kadà títí di òní, láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ó ti ṣíwọ́ láti àwọn ọdún 1990. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń pè é bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé bàálù kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Bí orúkọ Pijó yóò ṣe rí nìyẹn bí a kò bá ṣọ́ra: yóò wà lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní sí ohun kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Níní ọkọ̀ àtijọ́

Ọkọ̀ àtijọ́ kò jẹ́ ohun kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ní Chris-Craft onígi ní Michigan ń ná owó lé e lórí nítorí ìfẹ́. Ó ní ọkọ̀ mìíràn tí ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tí ó ní 504 lọ́dọ̀ wa ní i nítorí pé òun ni agbára rẹ̀ ká, òun ni ó fi rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí náà kì í pa á mọ́ bí ó ṣe jáde láti Sochaux. Ó ń jó irin mọ́ ọn, ó ń wá sípíríǹgì ọkọ̀ mìíràn fún un, ó ń fi ìjókòó onígi rọ́pò tìmùtìmù. Bí a bá wo 504 kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ogójì ọdún, ìtàn gbogbo ọwọ́ tí ó ti kọjá wà lára rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ọkọ̀ náà ni ìwé ìtàn rẹ̀.

A kò fẹ́ fi oyin sí i lẹ́nu ju bí ó ti yẹ lọ. Ọkọ̀ wọ̀nyí pa ènìyàn. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìgbànú ààbò fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn, bíréèkì wọn gbó, a sì ń kó ènìyàn sínú wọn bí ẹni ń kó iṣu. Ẹni tí ó bá jókòó nínú bâchée nígbà tí ó dojú dé kò ní ohun tí ó lè dì mú. Èéfín wọn kò dára fún ọmọ, pàápàá bí ó bá jẹ́ epo kpayo inú ìgò ni wọ́n ń mu. Bí ọkọ̀ tí ó kọ́ṣẹ́ tí ó sì láàbò bá rọ́pò wọn, kí a dúpẹ́. Ohun tí a ń ṣọ̀fọ̀ kì í ṣe ìrora ìrìn-àjò àtijọ́. Ìmọ̀ ni.

Ìmọ̀ náà sì yàtọ̀ sí èyí tí ó wà ní Faransé. Láti 1988 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Peugeot ti wà ní Sochaux. 404 àti 504 wà níbẹ̀, wọ́n mọ́ tónítóní, ọ̀dà wọn ń dán. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ náà ṣe jáde lè bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n ilé náà kò lè sọ bí ó ṣe gbé. Kò mọ bí a ṣe ń gbé e la odò kún já láàrin Bantè àti Bassila, kò mọ ohun tí a fi rọ́pò ẹ̀yà ara tí kò sí ní ọjà, kò mọ orúkọ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ìtàn Pijó, èyí tí ó gùn jù, Áfíríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀. Káàdì ìdajì yẹn kò sí níbì kankan. Orí àwọn àgbà mẹkáníìkì àti awakọ̀ wa ni ó wà, àwọn náà sì ń dàgbà.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ òní ń kọ́ nǹkan mìíràn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ó wọlé báyìí ní kọ̀ǹpútà nínú. Ẹ̀rọ kan ni a ń so mọ́ ọn kí ó tó sọ ohun tí ń ṣe é. Ọmọ tí ó mọ ẹ̀rọ náà lò kò nílò láti fetí sí ẹ́ńjìnnì. Láàrin ìran kan péré, etí náà yóò di.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀

Àwa olùkọ́ ìtàn máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìtàn wà nínú ààfin ọba àti nínú ìwé àwọn amúnisìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn ọ̀rúndún ogún ní agbègbè wa wà ní gáréèjì pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣu Manigri ṣe dé Kútọnu, bí àwọn ọmọ wa àkọ́kọ́ ṣe lọ sí yunifásítì, bí àwọn ìbátan ní Kambolé àti Manigri ṣe ń rí ara wọn níbi ìnáwó, ojú ọkọ̀ ni yóò gbà wò ó.

Nítorí náà, a dá a lábàá fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ káàdì tiwa. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá 404, 504 tàbí 505 kan ní ìlú rẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí ń rìn, ìbáà jẹ́ èyí tí koríko ti hù yí ká. Kí ó kọ nọ́ńbà tí ó wà lára irin rẹ̀ sílẹ̀, ọdún tí ó dé ìlú, ọwọ́ tí ó ti kọjá, ọ̀nà tí ó ń ná, àti ohun tí a ti pààrọ̀ lára rẹ̀. Kí ó gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín kí ó tó kọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó jókòó ti àgbà mẹkáníìkì kan, kí ó sì kọ orúkọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti irinṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní Nàgó àti ní Anii, pẹ̀lú àlàyé bí a ti ń wọ ẹ́ńjìnnì ní ẹ̀wù tuntun. Kò gba owó. Ìwé kan, kálàmù kan, àti ọ̀wọ̀ fún àgbà ni ó gbà.

Ẹni tí ó bá ṣe é yóò rí i pé àwọn àgbà wọ̀nyí kì í fi ìmọ̀ wọn pamọ́. A kò kàn bi wọ́n léèrè ni. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, tí ó ń sọ èdè méjì, ni ó yẹ láti tẹ àwọn káàdì náà jáde: ní Yorùbá fún àwọn ọmọ wa, ní Faransé fún àwọn ará Sochaux, tí àwọn náà kò tíì gbọ́ ìdajì kejì ìtàn ọkọ̀ wọn.